Korobá Tí Mo Fi Eérú Fọ̀

Ohùn kọ̀ǹkọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ bí mo bá rántí ilé wa ní Ìdásẹ̀n lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ lọ́sàn-án, kí ìyá mi tó gbé odó kalẹ̀ fún iyán alẹ́, àwọn kọ̀ǹkọ̀ inú àkùrọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilé á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ọmọ ìyá tó ń jà sí ogún. Rédíò bàbá mi á máa dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ewúrẹ́ á máa họ ara mọ́ ògiri, òjò tó ṣẹ́kù á máa kán láti orí páànù sínú àgbá. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á wá ní, “Ẹ gbọ́, àwọn onílé ti ń kí àlejò káàbọ̀.” Ẹja àrọ̀ ni àlejò tó ń wí. Ní ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, àwọn kọ̀ǹkọ̀ yẹn dákẹ́ lọ́jọ́ kan, wọn ò sì ké mọ́ títí òjò fi dé àárín. Ọdún yẹn náà ni wọ́n lé Bùrọ̀dá Rótìmí, àbúrò bàbá mi, kúrò nílé. Èmi ni mo fa méjèèjì. Mo ti parí yunifásítì báyìí, mo ti sin ìjọba tán gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀, mo jókòó sílé láìríṣẹ́, kò sì sí ariwo kankan tó lè bo ọ̀rọ̀ náà mọ́ nínú mi. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, ojú sì ń tì mí pé ẹ̀rù ṣì ń bà mí.

Kí ìjọba tó wọ inú àkùrọ̀ wa, ìyá àgbà ní ẹja máa ń rin ìrìn àjò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Odò kékeré tó ń lọ pàdé odò Ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Bí omi tuntun bá ti ń ya wọ inú koríko, àrọ̀ tó ti gbé ẹyin sínú á gbóòórùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ odò, á sì máa gòkè bọ̀ wá yé. Àwọn ọmọ tó bá pa ló máa ń di ẹja inú ọ̀gbun ìyá àgbà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kòtò omi kan ni ọ̀gbun yìí, lókè àkùrọ̀, omi rẹ̀ ló ń ṣàn wọ inú koríko nísàlẹ̀, kì í gbẹ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún sì ni gbogbo ilé wa ń gbọ́n ọn. Ẹja rẹ̀ la ń yan lórí ààrò, òun la fi ń jẹ iyán títí òjò mìíràn fi ń dé. Nígbà tí katapílà dé, wọ́n la gọ́tà gígùn já àárín àkùrọ̀, kí àpọ̀jù omi lè máa fà kúrò nídìí ìrẹsì àti àgbàdo. Gọ́tà ìjọba ni gbogbo wa ń pè é. Ibi tí ó ti já sínú odò, wọ́n mọ ògiri kọnkéré kan tó ga dé ìbàdí mi, wọ́n sì ki pátákó bọ ẹnu rẹ̀ kí omi tí ìrẹsì nílò má bàa sá lọ tán. Omi ń dà kọjá lórí pátákó, ẹja ò lè fò ó. Wọ́n á kóra jọ sísàlẹ̀ ògiri, dúdú, gbọọrọ, wọ́n á máa fi orí gbá kọnkéré. Bàbá mi tó jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì àgbẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ní kó máa bójú tó pátákó náà. Ìyá àgbà bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré lákọ́rọ̀ òjò.

“Ìyá, nǹkan ìjọba ni,” ni bàbá mi wí. “Bí ìrẹsì àwọn ènìyàn bá gbẹ, èmi ni wọ́n máa bi.”

Ìyá àgbà wò ó títí. Èdè Ọ̀wọ̀ pọ́ńbélé ló máa ń sọ, èmi ni mo ń tún un kọ bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé ìwé. Ó ní, “Ó dáa. Ẹni tó ń lọ bímọ, a kì í dá a dúró ní bodè. Àwa á gbé wọn.”

Bẹ́ẹ̀ ni gbígbé ẹja ṣe di ara iṣẹ́ ilé wa, bí omi pípọn àti ilẹ̀ gbígbá. Igbá la fi ń gbé e. A ó kọ́kọ́ rẹ igbá náà sínú odò, a ó fi ẹrẹ̀ ra ọwọ́ kí ara ẹja má bàa bó, a ó rọra bu ọ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú omi rẹ̀, a ó fi ewé kókò bò ó lójú, a ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri gòkè, a ó sì tú u sílẹ̀ sínú gọ́tà lókè. Ẹja kan, ìrìn kan. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbọ́dọ̀ pa á jẹ lásìkò náà, bí ọbẹ̀ tilẹ̀ ń gbẹ nílé. Òfin kan sì wà tí ìyá àgbà ò ṣàlàyé rí: “Irin kì í gbé aboyún ẹja.” Korobá ò gbọ́dọ̀ kàn án, abọ́ páànù ò gbọ́dọ̀ kàn án. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé. Ó ní, “Ṣé ìwọ lo bí mi ni?” Lójú tèmi, ẹni tí kò ní ìdáhùn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo jẹ́ ọmọ tó fẹ́ mọ ìdí gbogbo nǹkan, tí ara rẹ̀ kì í sì í balẹ̀ bí wọn ò bá sọ ọ́. Bí mo ṣe rí títí di òní náà nìyẹn.

Bùrọ̀dá Rótìmí ló fẹ́ràn iṣẹ́ ẹja yìí jù. Òun ló ń bá ilé wa fín oògùn sí kòkó, ọwọ́ rẹ̀ le koko, ṣùgbọ́n bó bá di ti àrọ̀, á rọ̀ bí ọwọ́ agbẹ̀bí. “Tíṣà” ló ń pè mí, nítorí pé mo máa ń tún ọ̀rọ̀ sọ fún àgbà.

“Tíṣà, wo ti ibí yìí,” á wí, á gbé igbá sí mi lójú. “Ikùn rẹ̀ bíi ti alága ìjọ.”

“Bùrọ̀dá, ẹ má bú alága!”

“Ta ló bú u? Ẹja ni mo bú.” Á wá kọjú sí inú igbá: “Màdáámù, ẹ jókòó dáadáa, ọkọ̀ fẹ́ gbéra.”

Mo máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi dà nù nínú igbá tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ kan wà lọ́rùn Bùrọ̀dá. Nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́langba, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ da oògùn kòkó sínú odò láti fi pa ẹja. Ìyá àgbà mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kó di Bíbélì mú lójú àlùfáà, kó búra pé òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ti pé ọdún mẹ́wàá kó tó di ọdún tí mò ń sọ yìí, ṣùgbọ́n nínú ilé wa, ọ̀rọ̀ kì í gbó.

Ọjọ́ Sátidé kan ni. Òjò ńlá ti rọ̀ mọ́jú. Bàbá mi lọ sí Ọ̀wọ̀ fún ìpàdé, ìyá mi lọ ná ọjà ní Ifọ̀n, Bùrọ̀dá wà lóko, orúnkún sì ti dá ìyá àgbà dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Ó ní kí n lọ wo ògiri wá fún òun. Nígbà tí mo débẹ̀, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ẹja gun ara wọn lórí nísàlẹ̀ pátákó, omi ibẹ̀ ń hó bí ọbẹ̀. Mo gbé mẹ́ta ní ìrìn mẹ́ta, apá ti ń ro mí. Mo mọ̀ pé bó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń ti oko bọ̀ máa gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú àdá, wọn ò sì ní òfin ìyá àgbà nínú ilé tiwọn. Mo ronú sí i. Tíṣà wa ti sọ ní kíláàsì pé ọ̀pọ̀ èèwọ̀ àwọn àgbà, wọ́n kàn fi ń dẹ́rù ba ọmọdé ni. Mo bi ara mi pé, báwo ni ẹja ṣe máa mọ irin yàtọ̀ sí igbá? Mo sáré lọ sí yàrá tí a ń kó kòkó sí, mo mú korobá ńlá tí Bùrọ̀dá fi ń po oògùn lórí ìṣó tó gbé e kọ́. Ó ti gbẹ láti ọdún tó kọjá. Mo fi eérú àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́ títí inú rẹ̀ fi ń dán, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi láti máa fọ ìkòkò. Òórùn kan ṣì wà níbẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé òórùn irin tó rí omi ni.

Ẹja mẹ́sàn-án ni mo gbé lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà mẹ́ta ni mo lọ. Nítorí pé korobá gba omi púpọ̀, mi ò tú wọn sílẹ̀ sínú gọ́tà bí a ti máa ń ṣe. Mo rù wọ́n lọ tààrà sínú ọ̀gbun ìyá àgbà lókè, kí wọ́n dé ibi tí wọ́n ń lọ gan-an. Nígbà tí mo dà wọ́n tán, mo rí i pé wọn ò sáré lọ, wọ́n kàn ń yí po. Mo ní ó ti rẹ̀ wọ́n. Mo ṣan korobá náà nínú ọ̀gbun kan náà, mo sì gbé e padà sí àyè rẹ̀. Inú mi dùn. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á mọ̀ pé inú mi dùn gan-an, nítorí ìdùnnú ọjọ́ yẹn ló ń dùn mí jù nísinsìnyí. Mo jẹ iyán lálẹ́ bí ẹni tó gbé ìlú ró. Ìyá àgbà bi mí pé ṣé mo gbé wọn. Mo ní, “Gbogbo wọn, Ìyá.” Ó gbàdúrà fún mi, ó ní ọwọ́ mi ò ní kan ibi. Mi ò sọ̀rọ̀ korobá. Mo fẹ́ kó rí ẹja lọ́jọ́ Sọ́ńdè ná, kó wá mọ̀ pé òfin òun ò nídìí.

Kọ̀ǹkọ̀ ò ké lálẹ́ ọjọ́ náà. Mi ò tilẹ̀ kíyè sí i. Ìyá àgbà kíyè sí i. Kó tó di pé a múra ṣọ́ọ̀ṣì lówùúrọ̀, ó ti wọ́ orúnkún rẹ̀ dé ọ̀gbun, igbe rẹ̀ la sì gbọ́. Gbogbo wa sáré lọ. Ikùn funfun ló kún ojú omi, àwọn aboyún tí mo gbé, àwọn ẹja kéékèèké tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kọ̀ǹkọ̀, akàn, gbogbo wọn ló léfòó. Ìyá àgbà káwọ́ lérí. “Ta ló pa àlejò sí mi lọ́rùn? Ta ni mo ṣẹ̀?” Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, ó bu omi, ó gbóòórùn rẹ̀. “Oògùn kòkó ni,” ló wí. Kò sẹ́ni tó pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ojú kàn yí sí Bùrọ̀dá Rótìmí ni.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀,” ni Bùrọ̀dá wí.

“Ta ló ń po oògùn nílé yìí?” bàbá mi béèrè.

“Èmi ni. N ò fọwọ́ kàn án láti ọdún tó kọjá. Bí mo bá fẹ́ jẹ ẹja, ṣé n ó pa á tán kí n fi í sílẹ̀ kó máa rà?”

“Ilẹ̀ ló mọ́ bá ọ, ìyẹn lo ò fi rí i kó.”

“Ìyá,” Bùrọ̀dá yí sí ìyá àgbà, “ẹ dá mi lóhùn. Mo di Bíbélì mú lójú yín.”

Ìyá àgbà ò wò ó. “O ti ṣe é rí,” ló wí.

Ibẹ̀ ni ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, ẹsẹ̀ mi wà nínú ẹrẹ̀. Mo ti gbìyànjú láti ṣàlàyé fún ara mi nígbà púpọ̀. Mo ní ẹgba bàbá mi ló bà mí lẹ́rù, òótọ́ ni. Mo ní kò tíì dá mi lójú pé korobá ló fà á, irọ́ ni. Mo ti mọ̀ nígbà tí bàbá mi wí pé oògùn. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ìyá àgbà ti gbàdúrà fún ọwọ́ mi, mi ò sì fẹ́ kó gba àdúrà náà padà. Bí a ṣe padà délé, Bùrọ̀dá kúrò láàárín wa, ó wọ yàrá kòkó lọ, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ti yàtọ̀. Kò jiyàn mọ́. Ó wò mí, ó wo ilẹ̀, ó sì lọ jókòó sí ìdí odó. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ọ̀nà Ifọ̀n. Bàbá mi ló ní kó lọ, ìyá àgbà ló ní kó má bọ̀ mọ́ títí yóò fi jẹ́wọ́. Nígbà ọdún Igógó, gbogbo ìlù Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń kó pamọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kó orúkọ Bùrọ̀dá pamọ́ nínú ilé wa, àmọ́ ìlù a máa jáde bí ọdún bá tán. A kì í gbé ẹja mọ́. Wọ́n ń fi orí gbá kọnkéré nísàlẹ̀ pátákó bàbá mi, àwọn aládàá sì ń ṣá wọn bó ṣe wù wọ́n. Ìyá àgbà kì í béèrè. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, kò sẹ́ni tó gbọ́n ọ̀gbun. Ẹja yìnyín láti ọjà la fi jẹun, ìyá àgbà a máa ṣa tirẹ̀ sí etí àwo.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bùrọ̀dá wá kí wa. Ó wá lásìkò ìjẹṣu tuntun, ó gbé iṣu mẹ́fà dání. Ìyá àgbà ò jáde nínú yàrá. Ó tún wá ní Kérésì, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, èmi ni mo gbé omi fún un. Ó gba ife lọ́wọ́ mi, kò mu ún.

“Tíṣà,” ló wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. “Kò sí nǹkan kan tí o fẹ́ sọ?”

Mo kúnlẹ̀. “Ẹ kú ọdún, sà,” ni mo wí, mo sì sá wọ ilé ìdáná.

Ìyá àgbà kú kí òjò àkọ́rọ̀ tó padà. Ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, ó béèrè bóyá Rótìmí ti jẹ́wọ́. Bàbá mi ní rárá. Ó yí ojú sí ògiri. Bùrọ̀dá wá sí ìsìnkú, ó dúró lẹ́yìn àwọn àlejò, ó bu erùpẹ̀ sínú sàréè gẹ́gẹ́ bí gbogbo ènìyàn, ó sì lọ láìjẹun. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn èyí, a ń ṣa ẹ̀fọ́ lọ́wọ́, ni ìyá mi kàn sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ lásán: “Ìyá àgbà yín ò jẹ́ mu omi inú korobá kankan nílé yìí. Ewúrẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ló kú nígbà kan tí wọ́n fi korobá oògùn bu omi fún wọn. Ó ní irin ilé kòkó, kò sí èyí tí kò tí ì mu oògùn.” Mo gbé ẹ̀fọ́ kalẹ̀. Òfin náà nídìí. Ìyá àgbà mọ ìdí rẹ̀, kò sọ ọ́, nítorí pé ọmọdé ló ń béèrè. Inú bí mi sí òkú. Inú bí mi sí bàbá mi tí kò lè yọ pátákó kan fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo pín ẹ̀bi náà fún gbogbo wọn, mo wọ̀n ọ́n, mo tún un wọ̀n, èyí tó pọ̀ jù ṣì kù sí ọwọ́ mi.

Lẹ́yìn tí mo sin ìjọba tán, mo wọ ọkọ̀ lọ sí oko Bùrọ̀dá lẹ́bàá Ifọ̀n. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Mo ti to gbogbo ọ̀rọ̀ mi sórí ìwé, mo ti kọ́ ọ sórí nínú ọkọ̀. Irun rẹ̀ ti funfun létí. Ó gbé àpótí fún mi, ó ní kí n jókòó. Mo kúnlẹ̀ dípò bẹ́ẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: korobá, eérú, ẹja mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, àdúrà ìyá àgbà. Mo ń sunkún. Ó dúró kí n sọ ọ́ tán.

“Mo mọ̀,” ló wí.

Mo gbé ojú sókè wò ó.

“Eérú ṣì wà létí korobá náà nígbà tí mo wọlé lọ wò ó. Ta ló ń fi eérú fọ korobá oògùn, àfi ọmọ tí kò mọ ohun tó ń fọ̀?”

“Bùrọ̀dá, kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

“Kí n sọ fún ta? Wọ́n á ní mo ń purọ́ mọ́ ọmọdé. Mo ní ìwọ fúnra rẹ á sọ. Mo dúró dé ìjẹṣu. Mo dúró dé Kérésì, o kí mi kú ọdún.” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. “Nígbà tí ìyá mi kú, mi ò dúró mọ́.”

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde, pé òun ti gbọ́. Kò sọ pé òun dárí jì mí, kò sì sọ pé òun ò dárí jì mí. Mo bi í bóyá ẹja ń gòkè ní ìhín náà. Ó ní gọ́tà ìjọba wà níbẹ̀, ògiri sì wà. Ara mi gbóná, mo dìde, mo ní kí ó jẹ́ kí n bá òun gbé wọn, mo tilẹ̀ ti ń fi ojú wá igbá kiri. Ó mú mi lọ síbẹ̀. Ó ti to òkúta láti ìsàlẹ̀ ògiri dé òkè, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó sì tẹ́ àpò kòkó àtijọ́ lé e lórí, omi ń rọra ṣàn gba inú àpò náà wá. Àrọ̀ ńlá kan wà lórí rẹ̀ tó ń fi àyà wọ́, ó sinmi, ó tún wọ́, ó dé òkè, ó sì bọ́ sínú gọ́tà. Òmíràn ń tẹ̀ lé e.

“Wọn ò nílò ọwọ́ ẹnikẹ́ni mọ́,” ni Bùrọ̀dá Rótìmí wí. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀, mo ti fi ẹrẹ̀ ra ọwọ́ mi méjèèjì, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọjá.